Inú Igi àti Inú Ewé

    

Ìgbìmọ̀ ayẹyẹ ilé-ẹ̀kọ́ yìí ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, wọ́n sì fi yíyan orí-ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún mi. Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn, mo yàn láti sọ̀rọ̀ nípa ohun tí ó wà nínú igi àti nínú ewé, nítorí pé kò sí ohun tí ó sún mọ́ wa tó wọn, kò sì sí ohun tí ojú wa ń fò dá tó wọn. Ewé ni a fi ń pọ́n ẹ̀kọ, ewé ni a fi ń wo ibà, ewé akòko ni a fi ń jẹ oyè. Igi ni òpó ilé, igi ni odó, igi ni ìlù. Àwọn baba wa mọ orúkọ wọn, wọ́n mọ oríkì wọn, wọ́n mọ èyí tí ń wonisàn àti èyí tí ń panilára, débi pé àwọn tí a kó lẹ́rú lọ sí ilẹ̀ Brazil àti Cuba kò jẹ́ kí ìmọ̀ náà bọ́ lọ́wọ́ wọn sínú òkun. Títí di òní olónìí ni àwọn ọmọ wọn ní Bahia ń wí pé kò sí ewé, kò sí òrìṣà. Ohun tí mo fẹ́ fi kún ìmọ̀ àtayébáyé yìí kò ju ẹyọ kan lọ: gbogbo ohun tí àgbẹ̀, adẹ́mu, agégẹdú àti oníṣègùn ti rí lára igi láti òde, ìdí rẹ̀ ń bẹ nínú, ọmọ tí a bá sì fún ní bíléèdì kan àti awò kan yóò fi ojú ara rẹ̀ rí ìdí náà.

Àwọn tí ó kọ́kọ́ wo inú

Ní ọdún 1665, Robert Hooke, ọ̀mọ̀wé kan ní ìlú London, fi ọ̀bẹ mímú ré èèpo igi tí wọ́n fi ń dí ẹnu ìgò ní fẹ́lẹ́, ó gbé e sábẹ́ maikirosíkóòpù, ó sì rí i pé ohun tí ó jọ̀lọ̀ ní ojú lásán kún fún ìyàrá kéékèèké tí kò lóǹkà. Sẹ́ẹ̀lì ni ó pè wọ́n, orúkọ náà sì ni gbogbo ayé fi ń pè wọ́n títí di ìsinsìnyí. Kò pé ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn èyí, ní 1671, tí iṣẹ́ ènìyàn méjì dé iwájú Royal Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní London, láìjẹ́ pé ọ̀kan mọ ohun tí èkejì ń ṣe: Nehemiah Grew ará England, àti Marcello Malpighi ará Italy. Àwọn méjèèjì ni wọ́n ti ń ré igi, tí wọ́n ń la ewé, tí wọ́n sì ń ya àwòrán ohun tí wọ́n rí. Ìwé ńlá Malpighi jáde ní 1675 àti 1679, ti Grew jáde ní 1682. Mo fẹ́ kí ẹ fi í sọ́kàn pé oníṣègùn ni àwọn méjèèjì. Ìmọ̀ tí a ń pè ní ti òyìnbó yìí, ọ̀dọ̀ àwọn tí ń wá ewé àti egbò fún aláìsàn ni ó ti dìde, bí ti àwọn baba wa gan-an.

Ṣùgbọ́n kò di ìgbà tí a bá dé London kí a tó rí ohun tí Grew rí. Rìnrìn ń bẹ ní ẹ̀yìnkùlé wa, òun ni ó ń hù lẹ́bàá ògiri tútù àti ní ìdí àmù, òun pẹ̀lú ọ̀dúndún àti tẹ̀tẹ̀ ni àgbà fi ń wúre. Igi rẹ̀ mọ́ gaara tó bẹ́ẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ fi ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ fà á tu jẹ́jẹ́, ẹ ṣan iyẹ̀pẹ̀ ìdí rẹ̀ dànù, ẹ fi í sínú ìgò omi tí ẹ ti kán tàdáwà pupa sí, kí ẹ sì gbé e síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi rí fọ́nrán pupa tín-ín-tín-ín tí ń gòkè nínú igi náà. Pupa yìí kì í tàn kálẹ̀. Ojú ọ̀nà rẹ̀ ni ó ń tọ̀ títí tí yóò fi ya sínú ewé. Nígbà náà ni kí ẹ mú bíléèdì kí ẹ gé igi rìnrìn náà ní ìbú: àmì pupa tóótòòtó ni ẹ ó bá pàdé, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dá dúró láàárín ẹran ara funfun. Àwọn àmì wọ̀nyí ni iṣan igi.

Oríṣi iṣan méjì ni ó wà, wọ́n sì máa ń rìn pọ̀. Àkọ́kọ́ ni iṣan omi, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní sáílẹ́ẹ̀mù. Sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ti kú kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, inú rẹ̀ ti ṣófo, ògiri rẹ̀ nìkan ni ó kù, ó sì le koránkorán. Èkejì ni iṣan oúnjẹ, tí wọ́n ń pè ní fílóẹ́ẹ̀mù. Ààyè ni tirẹ̀, òun ni ó ń gbé adùn tí ewé ti sè lọ sí gbòǹgbò, sí òdòdó, sí èso àti sí ibi gbogbo tí ebi ti ń pa igi. Ẹnikẹ́ni lè bi mí pé, ta ni ń fa omi gòkè nígbà tí igi kò ní ọkàn tí ń lù? Stephen Hales, àlùfáà ìjọ England, ni ó kọ́kọ́ wọn ìdáhùn rẹ̀ lórí òṣùwọ̀n. Ó gbin òdòdó oòrùn sínú ìkòkò, ó dí ojú ìkòkò náà, ó ń wọ̀n ọ́n ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, ó sì fi hàn nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1727 pé bí ewé ti ń jẹ́ kí omi sá lọ sí afẹ́fẹ́ ni omi mìíràn ń gòkè wá láti ìsàlẹ̀. Ewé ni ó ń fà á.

Ìrókò àti ọ̀pẹ

Nísinsìnyí mo fẹ́ kí á dúró díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ọba igbó méjì, nítorí pé bí ẹnikẹ́ni bá mọ ìyàtọ̀ inú ìrókò sí inú ọ̀pẹ, ó ti mọ ìdajì ẹ̀kọ́ yìí.

Àwọn àgbà wí pé láti kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò, bí ó bá dàgbà tán, ẹbọ ni yóò máa gbà lọ́wọ́ ẹni. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí, ìdí rẹ̀ sì rèé. Nígbà tí ìrókò wà ní kékeré, iṣan rẹ̀ tò yípo ní agbo kan ṣoṣo, ìyókù igi náà sì rọ̀. Láàárín iṣan omi tí ó wà nínú àti iṣan oúnjẹ tí ó wà lóde ni awọ fẹ́lẹ́ kan wà, káḿbíọ́ọ̀mù ni wọ́n ń pè é, nínípọn rẹ̀ kò ju ìwọ̀nba sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ lọ, síbẹ̀ òun ni ó ń mú igi ńlá bí ìrókò sanra. Sẹ́ẹ̀lì tí ó bá bí sí inú di iṣan omi, èyí tí ó bá bí sí òde di iṣan oúnjẹ. Inú ni ó sì ń bímọ sí jù. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, àwọn iṣan omi àtijọ́ tí ó wà láàárín gbùngbùn yóò ṣíwọ́ iṣẹ́, igi yóò da èròjà líle sínú wọn, wọn yóò dí, wọn yóò dúdú sí i, kòkòrò kò ní fẹ́ràn láti jẹ wọ́n mọ́. Èyí ni ọkàn ìrókò tí káfíńtà ń wá kiri, tí ikán ń sá fún, tí a fi ń kan ilẹ̀kùn ààfin. Ẹ̀ka tí ọmọdé ìbá fi èékánná já lọ́dún àkọ́kọ́ ti di igi tí àáké yóò máa ta padà lára rẹ̀.

Àwọn agégẹdú wa tún mọ ohun kan tí kò sí nínú ìwé tí a fi ń kọ́ àwọn ọmọ. Ayùn lè máa lọ geerege nínú ìtì ìrókò kí ó sì ṣàdédé kan òkúta, kí eyín rẹ̀ kán. Òkúta gidi ni, kì í ṣe igi tí ó gan. Àwọn kan ní olúwéré, iwin inú ìrókò, ni ó fi í síbẹ̀. Ohun tí àwọn onímọ̀ rí ni pé ìrókò a máa kó èròjà kálísíọ́ọ̀mù jọ púpọ̀ nínú ara rẹ̀, àwọn kòkòrò àìrí a sì máa sọ ọ́ di kálísíọ́ọ̀mù kábọ́nétì, èròjà tí ó wà nínú èèpo ẹyin adìẹ. Ọ̀wọ̀ tí àwọn baba wa ní fún igi náà kò dín kù lójú mi nítorí pé mo mọ ìdí òkúta inú rẹ̀. Ó pọ̀ sí i ni.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìkìlọ̀ kan sí i fún àwọn tí ń já ewé tí wọ́n sì ń bó èèpo fún àgbo. Nínú irú igi bí ìrókò, ara èèpo ni iṣan oúnjẹ wà. Bí a bá bó èèpo náà yí igi po, ewé rẹ̀ kò ní rọ lójú ẹsẹ̀, nítorí pé omi ṣì ń gòkè nínú, ẹni tí ó bó o yóò sì rò pé kò sí ohun tí ó ṣe. Ṣùgbọ́n ebi ti dé ìdí rẹ̀, gbòǹgbò yóò kú díẹ̀díẹ̀, orí yóò sì bá ìdí lọ. Ẹ̀gbẹ́ kan ni kí á máa bó, kí á fi ẹ̀gbẹ́ tí ó pọ̀ jù sílẹ̀ láìfọwọ́kàn.

Ọ̀pẹ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Kò ní káḿbíọ́ọ̀mù. Iṣan rẹ̀ kò tò lágbo. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ni ó fọ́n ká gbogbo inú igi láti èèpo dé àárín, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní iṣan omi tirẹ̀ àti iṣan oúnjẹ tirẹ̀, okùn líle sì wé mọ́ ọn. Nítorí èyí ni igbà ọ̀kọ̀pẹ ṣe lè máa ha ọ̀pẹ lára láti ìgbà baba dé ìgbà ọmọ tí kò sì ní kú. Ṣùgbọ́n ohun gbogbo ni ó ní iye owó rẹ̀. Ọgbẹ́ tí àdá bá dá sí ọ̀pẹ lára kò ní dí láéláé, nítorí pé kò sí awọ tí yóò bí ẹran tuntun bò ó. Bákan náà ni kò lè máa sanra lọ́dọọdún. Ìdí nìyí tí ó ṣe ń fi ọdún mélòó kan ti ìbẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀ kọ́ ìbú ìdí rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó gbéra ní gíga. Àgbẹ̀ tí kò mọ èyí a máa rò pé ọ̀pẹ òun kò dàgbà, bẹ́ẹ̀ sì ni ó ń dàgbà, ó ń fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ ni. Pabanbarì rẹ̀ ni pé àwọn iṣan tí ó ní kò ní pààrọ̀: sẹ́ẹ̀lì ààyè tí ń gbé oúnjẹ ní ìdí ọ̀pẹ arúgbó, òun ni ó ti ń gbé e láti ìgbà tí ọ̀pẹ náà wà ní kékeré. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń jọ mí lójú ju gbogbo ohun tí mo kà nípa igi lọ.

Màrìwò ọ̀pẹ yọ, ó ní òun yóò kan ọ̀run. Àwọn tí ó ti yọ ṣáájú rẹ̀ ńkọ́? Ojú kan ṣoṣo ni gbogbo màrìwò ti ń yọ, ní orí ọ̀pẹ, níbi tí sẹ́ẹ̀lì tuntun ti ń bí. Bí àdá bá bẹ́ ojú yẹn, tàbí tí ọ̀bọ̀nbọ̀n jẹ ẹ́, ó parí. Ọ̀pẹ tí ó dàgbà ń yọ ewé bí 20 sí 25 lọ́dún, ewé kọ̀ọ̀kan sì ní òdòdó kan ní abíyá rẹ̀ tí ó lè di ẹyìn. Ẹ lọ sí ìdí ọ̀pẹ tí a ti rẹ́ imọ̀ rẹ̀ kúrò, kí ẹ fi ìka tọ àpá tí ìdí ewé fi sílẹ̀: wọ́n tò yí igi lọ sókè ní ìlà 8 sí apá kan, àti 13 sí apá kejì. Bí ẹ ti ń kà á ni ẹ ó máa rí i pé àtòjọ tí kò ṣèèṣì ni.

Ẹmu tí adẹ́mu ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí ọ̀pẹ, oje iṣan oúnjẹ ni. Adùn tí ọ̀pẹ ń gbé lọ fún òdòdó rẹ̀ ni adẹ́mu dá lọ́nà, tí ó gbé agbè sí i lẹ́nu. Òdòdó púpọ̀ ni ọ̀pẹ ní, èyí ni kò jẹ́ kí ó kú. Ògùrọ̀ ní tirẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ni igi rẹ̀ ń yọ òdòdó ní orí, lẹ́yìn náà a kú, bí a dá a bí a kò dá a.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti àfòmọ́

N kò ní pẹ́ lórí àwọn méjì yìí. Ohun tí a ń pè ní igi ọ̀gẹ̀dẹ̀, kì í ṣe igi. Ìdí ewé ni, ọ̀kan wé mọ́ èkejì. Igi rẹ̀ gan-an wà lábẹ́ ilẹ̀, ọjọ́ tí ó bá fẹ́ so nìkan ni ó ń gba àárín ewé yọ sókè láti gbé òdòdó jáde, bí ó bá sì ti so tán, iṣẹ́ rẹ̀ parí. Ṣùgbọ́n igi abẹ́ ilẹ̀ náà ti ní ojú lára, ojú wọ̀nyẹn ni ó ń di ọmọ. Nítorí náà nígbà tí àgbà wí pé bí iná kú a fi eérú bojú, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò, bí igi náà ti rí nínú gan-an ni wọ́n sọ.

Wọ́n tún ní àfòmọ́ kò ní gbòǹgbò, igi gbogbo ni ó ń bá tan. Ẹyẹ ni ó ń gbé èso rẹ̀ tí ó yọ̀ lẹ ẹ̀ka kòkó tàbí obì. Bí ó bá hù, ó ń gún èèpo wọlé títí yóò fi kan iṣan omi onílé, yóò sì so tirẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn. Ewé rẹ̀ tutù, ó lè se oúnjẹ ara rẹ̀. Omi ilé olómi ni ó ń mu. Àgbẹ̀ tí ó bá já ewé àfòmọ́ nìkan kò tíì ṣe nǹkan kan. Ẹ̀ka tí ó wọ̀ ni kí ó gé sọnù.

Ewé

Bí a bá la ewé ní ìbú, a ó rí awọ òkè àti awọ ìsàlẹ̀, tí ìda tín-ínrín bo ojú wọn kí omi má baà sá jáde. Lábẹ́ awọ òkè ni àwọn sẹ́ẹ̀lì gígùn tò sí lóòró, tí wọ́n kún fún kúlórófíìlì, èròjà tí ń mú ewé ní àwọ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ni a ti ń se oúnjẹ. Lábẹ́ wọn ni àwọn mìíràn wà tí àyè pọ̀ láàárín wọn, kí afẹ́fẹ́ lè rìn. Iṣan sì gba àárín kọjá, ó ń gbé omi wá, ó ń gbé adùn lọ.

Ẹ wá mú ewé ọ̀dúndún, ẹ ya á díẹ̀díẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Awọ fẹ́lẹ́ kan tí ó mọ́ gaara yóò bó. Bí ẹ bá gbé e sábẹ́ maikirosíkóòpù, àìmọye ihò ni ẹ ó rí, sẹ́ẹ̀lì méjì ni ó sì ṣọ́ ihò kọ̀ọ̀kan bí ètè méjì. Bí omi bá kún inú sẹ́ẹ̀lì méjèèjì, wọn a tẹ̀, ihò a là. Bí omi bá dín, wọn a rọ, ihò a pa dé. Ihò yìí ni ewé fi ń gba afẹ́fẹ́ káábọ́ọ̀nù wọlé, òun náà ni omi ń gbà jáde. Nítorí náà, wàhálà ewé láti òwúrọ̀ dé alẹ́ kò ju èyí lọ: bí ó bá lanu kí ó jẹun, òùngbẹ yóò gbẹ ẹ́, bí ó bá panu mọ́ nítorí òùngbẹ, ebi yóò pa á.

Ewéko kọ̀ọ̀kan ni ó ní ọgbọ́n tí ó ń dá sí wàhálà yìí. Ẹ wo àgbàdo lọ́sàn-án gangan nígbà ọ̀dá, bí ó ti ń ká ewé rẹ̀ jọ; àwọn sẹ́ẹ̀lì ńláńlá kan wà ní awọ òkè rẹ̀ tí wọ́n ń sọ omi nù, tí ewé fi ń ká. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n rẹ̀ tí ó jinlẹ̀ jù wà nínú iṣan: sẹ́ẹ̀lì ńláńlá tí ó kún fún àwọ̀ ewé pagbo yí iṣan kọ̀ọ̀kan ká. Gottlieb Haberlandt, onímọ̀ ewéko kan, ṣàpèjúwe agbo yìí nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1884, ó sì lé ní ọgọ́rin ọdún kí a tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dájú. Ní 1966 ni àwọn onímọ̀ méjì, M. D. Hatch àti C. R. Slack, ṣàlàyé rẹ̀ ní Australia, ara ìrèké ni wọ́n sì ti kọ́ ọ: ewé irú èyí ń kó afẹ́fẹ́ káábọ́ọ̀nù jọ sínú agbo náà, kò nílò láti lanu púpọ̀ kí ó tó yó. Ìdí rẹ̀ nìyí tí àgbàdo, ìrèké àti ọkà bàbà fi ń ṣe dáadáa nínú oòrùn tí ó ń jó ewéko mìíràn.

Ti àbámọdá tún yàtọ̀. Madagascar ni ó ti wá, ṣùgbọ́n ó ti di ọmọ ilé lọ́dọ̀ wa, kò sì sí oníṣègùn tí kò mọ̀ ọ́n. Benjamin Heyne, onímọ̀ ewéko kan tí ó ń gbé ní India, kọ ọ́ sínú lẹ́tà tí a tẹ̀ jáde ní London ní 1815 pé bí òun bá jẹ ewé rẹ̀ ní òwúrọ̀, ó kan lẹ́nu. Ní ọ̀sán, ó tẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́, ó korò díẹ̀. Òru ni àbámọdá ń la ihò rẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ tutù tí omi kò ní sá lọ púpọ̀. Ó ń sọ afẹ́fẹ́ tí ó gbà di omi kíkan, ó ń tọ́jú rẹ̀ sínú ewé títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, nígbà tí oòrùn bá sì yọ, a pa ihò dé, a bẹ̀rẹ̀ sí fi ohun tí ó tọ́jú se oúnjẹ. Ahọ́n lásán ni Heyne fi mọ ohun tí ó gba àwọn tí ó tẹ̀ lé e ní ọdún púpọ̀ kí wọ́n tó lóye. Etí ewé àbámọdá yìí kan náà ni ọmọ ti ń hù, nínú àwọn kọ́lọ́fín tí ó wà létí rẹ̀, nítorí pé sẹ́ẹ̀lì tí ó lè bí igi tuntun kò kúrò níbẹ̀.

Ohun tí mo bẹ̀ yín

Ẹ̀yin olùkọ́, ohun kan ń dùn mí. Ọmọ wa lè ya àwòrán inú igi lórí ìwé ìdánwò, kí ó fi ọfà tọ́ka sí iṣan omi àti iṣan oúnjẹ, kí ó gba máàkì gbogbo, kí ó má sì tíì gé igi kan wò rí láyé rẹ̀. Èyí kò dára. Ohun tí ó nílò kò jìnnà: rìnrìn wà ní ìdí ògiri, ọ̀pẹ wà lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́, àgbàdo wà lóko. Ẹ mú wọn jáde, kí ẹ sì gba àwọn ọmọ láyè láti fi èdè abínibí wọn sọ ohun tí wọ́n rí kí wọ́n tó fi ti òyìnbó kọ ọ́. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá ní òun fẹ́ bá ọ̀kọ̀pẹ tàbí oníṣègùn sọ̀rọ̀, ẹ má ṣe lé e padà sídìí ìwé. Olùkọ́ ni àwọn náà.

 Ẹ̀yin tí ẹ ti kàwé jáde níhìn-ín, mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ fi owó ṣe ìrántí ọdún yìí. Mo bẹ̀ yín, kí ẹ fi í ra maikirosíkóòpù fún yàrá ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ yìí, kí àwọn ọmọ lè bẹ̀rẹ̀ sí lò ó ní sáà tí ń bọ̀.